Ohun Tí Mo Kọ Sára Gíláàsì Ẹ̀yìn

Kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì jọ dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo ṣe pàdé Royce nìyẹn, ní ọjà àlòkù tí wọ́n máa ń ná ní pápá eré ọkọ̀ Haskell, níhìn-ín ní Ohio, níbi tí àwọn èèyàn ti ń pàtẹ ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ sórí koríko.

"Jọ̀ọ́, yọwọ́," mo wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Ojú lo fi rí i. Èmi ti gbé e."

"O gbé e, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o mọ̀ ọ́n lò ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin gíga ni, òróró ẹ́ńjìnì kún apá rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan sì wọ́ díẹ̀. Mo fẹ́ràn eyín yẹn lójú ẹsẹ̀, inú sì bí mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

"Ó dáa, ìyá oníjà, máa mú un lọ. Àmọ́ èmi ni màá bá ẹ dè é mọ́ ọkọ̀. Royce ni mò ń jẹ́. Royce Tackett."

Tackett! Ẹ̀jẹ̀ hó nínú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Orrin Mayhew, bàbá mi, ní Pontiac GTO aláwọ̀ búlúù kan. Òkú ọkọ̀ ló rà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi jí i dìde nínú gáréèjì ẹ̀yìn ilé wa, ó sì fi ọ̀dà wúrà kọ orúkọ ìyá mi, Delphine, sára ilẹ̀kùn. Ojú Vernon Tackett, bàbá Royce, wọ ọkọ̀ yẹn. Ó pe bàbá mi níjà ní títì ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo: ẹni tó bá borí á kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì. Hollis, àbúrò ìyàwó Vernon, ló di àsíá ìbẹ̀rẹ̀ eré mú. Kí àsíá tó já wálẹ̀, Vernon ti lọ. Bàbá mi ò jiyàn, ó ti ṣèlérí. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Vernon ha orúkọ ìyá mi kúrò lára ilẹ̀kùn.

Bàbá mi ò sáré mọ́ láyé rẹ̀. Tó bá jókòó níwájú ilé tó sì gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì yẹn lójú títì, ńṣe ló máa dìde wọlé. Ìbànújẹ́ ló pa á. Dókítà ní ọkàn ni, èmi ní Vernon ni, kò sì sẹ́ni tó lè yí mi lérò padà.

Nítorí náà, nígbà tí Royce dárúkọ, mo wí nínú ara mi pé, Ọlọ́run ọ̀sán ń gbọ́, eléyìí ló máa mú mi dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Wá ní Sátidé."

Ó wá lóòótọ́. Ìyá mi ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Tackett ni mí, mà."

"Tackett kankan ò ní jẹun nínú ilé mi." Ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé bọ́gà àti ànàmọ́ díndín gba ojú fèrèsé sí i. "Ìta nìyẹn. Ìta kì í ṣe inú ilé mi."

Bẹ́ẹ̀ ni Royce ṣe ń jẹun lójú fèrèsé ní gbogbo Sátidé, tó ń bá mi tún Nova, ọkọ̀ eré mi, ṣe. Ó máa ń fi etí sí ẹ́ńjìnì, á dijú, á ní, "Ó ń wúkọ́, ayọ̀ mi. Ṣé o gbọ́ ọ?" Èmi tó yẹ kí n máa ro bí màá ṣe fi í gbẹ̀san, ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò. Ìfẹ́ ti kó sí mi lórí. Mo fẹ́ràn ọmọ Vernon Tackett, ó sì ń dùn mí.

Òun ló wá di ẹni tó ń pè mí sẹ́yìn ní pápá Haskell, níbi tí mo ti ń fi Nova sáré. Ká tó sáré, a máa ń yí táyà ẹ̀yìn lójú kan títí èéfín á fi bò wá, kí táyà lè gbóná kó sì di ilẹ̀ mú. Ọkọ̀ á ti sún kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á wá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa fi ọwọ́ darí rẹ padà sẹ́yìn. O ò rí ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ nìkan lò ń wò. A kì í gbé ibẹ̀ fún ẹni tí a ò fọkàn tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Royce jókòó tì mí nínú gáréèjì, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Lorna, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi. Ara Hollis ò yá, ó pè mí lọ síbi ibùsùn rẹ̀. Ó ní òun àti dádì ti jọ dì í: òun á fọwọ́ kan fìlà kóun tó ju àsíá sílẹ̀. Fìlà ni dádì wò, kì í ṣe àsíá. Bàbá ẹ ò pàdánù, olólùfẹ́ mi. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni."

Mo bú sẹ́kún.

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni mo ṣe sọ ọ́," ó wí. "Mi ò fẹ́ kí irọ́ wà láàárín wa. Na dádì mi ní pápá, gba ọkọ̀ bàbá ẹ. Èmi náà ni màá dúró níwájú ẹ. Àmọ́ má fi ọ̀rọ̀ fìlà yìí dójú tì í láwùjọ. Bàbá mi ni. Ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí."

Àwọn Tackett ń sun ẹran lẹ́yìn ilé wọn nígbà tí mo lọ bá Vernon. Gbogbo ẹbí ló wà níbẹ̀.

"Ọmọ Orrin!" ó kígbe. "Ṣé ọmọ mi lo wá jí gbé ni, àbí o wá jẹun?"

"Ìjà ni mo wá pè yín, Ọ̀gbẹ́ni Tackett. Kọ́kọ́rọ́ sí kọ́kọ́rọ́, bí ẹ ṣe bá dádì mi ṣe é. Àmọ́ ní Haskell, pẹ̀lú òfin Haskell."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Pẹ̀lú Nova jákujàku yẹn? Mo gbà!"

Òfin Haskell rèé. Oníkálukú á fi pọ́líìṣì bàtà funfun kọ àkókò tí ọkọ̀ rẹ̀ máa lò sára gíláàsì. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ra ni wọ́n máa kọ́kọ́ tan iná fún, ẹni tó yára á máa lé e bọ̀. Àmọ́ tí o bá yára ju ohun tí o kọ lọ, o ti pàdánù, bí o tilẹ̀ kọ́kọ́ débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́gbọ́n fi máa ń fẹsẹ̀ kan búrèkì díẹ̀ tó bá ti ń débi òpin. Vernon mọ òfin yìí bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n mo mọ Vernon.

Lọ́jọ́ náà, mo kọ àkókò mi sára gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Royce ti lọ dúró síwájú. Mo bọ́ sílẹ̀, mo yí sẹ́yìn Nova, mo sì fi pọ́líìṣì yẹn kọ ọ́ gàdàgbà sára gíláàsì ẹ̀yìn: TA LÓ FỌWỌ́ KAN FÌLÀ?

Mo padà sínú ọkọ̀.

Èéfín bò wá. Nígbà tó ká, Royce ló wà níwájú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pè mí sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, eyín wíwọ́ yẹn sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná mi tàn, mo fò jáde. Lẹ́yìn mi, Vernon gbéra nínú ọkọ̀ bàbá mi. Láti ibẹ̀ dé òpin, kò sí ohun mìíràn lójú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ó kà á. Mo gbọ́ ọ nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀: iná ló ń tẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, kò rántí búrèkì. Ó fò kọjá lára mi bí ẹni tí ajá ń lé. Ó ti yára ju àkókò tó kọ lọ, iná ìṣẹ́gun sì tàn lọ́nà tèmi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Àwọn àgbà tó wà létí oko àgbàdo lọ́jọ́ kìíní ti ka ọ̀rọ̀ náà, ó ti yé wọn. Wọ́n ń pariwo, "Vernon, fìlà dà?" Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ níwájú mi, kò lè gbójú sókè. Mo dúró, mo wò ó láwòtẹ́rùn.

Mo wá wá Royce. Ẹ̀yìn Nova ni mo bá a. Ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń fi nu gíláàsì náà.

"O ṣèlérí," ó wí.

"Ó pa dádì mi!"

"Èmi ńkọ́, Lorna? Kí ni mo ṣe ẹ́?"

Mo di kọ́kọ́rọ́ GTO mú gírígírí. Ó fi ṣẹ́ẹ̀tì sí èjìká, ó lọ.

Mo wa GTO wálé. Ìyá mi jókòó sínú rẹ̀, ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn níbi tí orúkọ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó wá ní, "Ọmọkùnrin yẹn dà? Mo ti gbé àga tiẹ̀ sídìí tábìlì."

Òtútù dé, ó lọ. Nígbà tí pápá tún ṣí, mo gbé GTO lọ, wọ́n sì ní kí n bá ẹnì kan tó wà nínú Dodge Dart sáré. Royce ni. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Èéfín ká, kò sẹ́nì kankan níwájú mi. Dígí ni mo fi sún padà sẹ́yìn. Dart lọ́ra ju GTO lọ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ taná fún. Ó jáde, ìgbà yẹn ni mo rí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, pọ́líìṣì funfun, gàdàgbà: MO TI RA ÒRÙKA Ẹ TẸ́LẸ̀.

Iná mi tàn. Mo ń lé e, mo ń kà á. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fẹsẹ̀ kan búrèkì. Ojú rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, ojú rẹ̀ nìkan. Mo tẹ iná kanlẹ̀, mo kọjá lára rẹ̀, kò yíjú sí mi, iná ìṣẹ́gun sì tàn lọ́nà tirẹ̀.