Ẹkún Tí Àṣàbí Sun ní Pápá

Okùn funfun tí wọ́n fi ń parí eré ìje ni Tìmóthì olùkọ́ dì mú ní òpin pápá, orí kejì wà lára igi oṣè, nígbà tí ọmọbìnrin kan já jáde láti inú ọyẹ́. Ọyẹ́ ti bo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, orí àpáta nìkan ló ń hàn, bí ẹni pé wọ́n léfòó lójú sánmà. Ọmọbìnrin náà kò wọ bàtà. Ó ń sáré bí ẹni tí òjò ń lé, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Tìmóthì gbàgbé pé okùn wà lọ́wọ́ òun.

Àyà ni ọmọbìnrin náà fi já okùn náà. Ó ta gìrọ́gìrọ́, ó ṣubú lé olùkọ́ láyà, ó bú sẹ́kún.

Àṣàbí ni, ọmọ Ìlọ̀rí àgbẹ̀ oníṣu ní abúlé Sakin. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wà láyé, bí òjò bá ṣú lóko, àwọn méjèèjì a sáré ìje délé. Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ dé, a sì dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí i káàbọ̀. Lọ́jọ́ yìí Àṣàbí borí gbogbo ọmọge dísíríkì, ó gbójú sókè, kò sí ẹni tó dúró.

"Ìyá mi Àríkẹ́ o!" ló ń ké. "Ẹ wá wò mí! Ẹ wá súre fún mi!"

Ẹ̀yin obìnrin Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ gba ẹjọ́ yìí rò. Ta ló ń ké irú igbe yẹn bí kò ṣe ìyàwó tó fẹ́ jáde nílé baba rẹ̀? Ìyá Dieudonné, àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí sùúrù rẹ̀ ti tán, tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà lórí bí wọ́n ṣe ń bo ìyàwó.

"Má sunkún mọ́, ilé ọkọ á tù ọ́ lára."

Àwọn obìnrin tó kù ń gbè é. Àwọn aláṣẹ tó jókòó lábẹ́ àgọ́ ń pariwo "Ẹ̀húzù!", igbe ìyípadà ti àwọn ará ìjọba, lọ ní tiwọn, wọn ò mọ̀ pé ìgbéyàwó ti bọ́ sáàárín ìjọba àwọn.

"Ìyá, eré ìje ló sá," ni Tìmóthì ń wí. "Kétu ni mo ti wá, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n rán mi wá ṣe. Mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀!"

"Wàá mọ̀ ọ́n."

Lábẹ́ ìborùn, ohùn kékeré kan là ẹkún já: "Àṣàbí ni."

Ìròyìn ti dé Sakin kí Àṣàbí tó dé. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ́ léjìká. Ìlọ̀rí kì í ṣe ènìyàn burúkú, olóríkunkun ni. Bí àwọn ẹbí rẹ̀ bá fẹ́ bínú sí mi, kí wọ́n bínú.

"Ẹkún kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin ní fún ẹnu ọ̀nà yìí," ló wí. "Ìwọ lọ da tìrẹ sílẹ̀ ní pápá. Kí lo máa fi jáde nílé mi? O ò sáré mọ́. Ọmọ Kétu yẹn, mi ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀."

"Bàbá, ìyá mi ni mò ń pè."

Ìlọ̀rí yíjú sí òkè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àríkẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ nílé náà. Òun fúnra rẹ̀ kò da omi lójú lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nígbà tí kajú yọ òdòdó, tí òórùn rẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ wọlé, Tìmóthì kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko Ìlọ̀rí, bí ẹni tó ń wá ìyàwó ṣe ń ṣe, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Ó ń kọ ebè. Ebè wọ́.

"Mùsé, ṣé ibojì aláǹgbá lẹ ń gbẹ́ ni?" Àṣàbí ló gbé omi dé, ó ń pe olùkọ́ ní Mùsé bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń pè é.

"Aláǹgbá wà láàyè. Èmi ni mò ń kú lọ."

"Ẹ mu omi kí ẹ tó kú, ẹni bí ọkàn mi."

Ó mu ún, kò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Ṣé wàá tún sáré?"

"Bàbá ní rárá."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo bi, n kò bi Bàbá."

Àṣàbí fi ẹsẹ̀ kan ra ìkejì. "Ojú oorun ló ti ń sáré báyìí."

"Mo mọ̀. Ojú oorun mi ló ń gbà kọjá."

Ìlọ̀rí rí i, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti abẹ́ igi. Ó wá, ó tú ebè olùkọ́ ká, ó tún un kọ. Ṣùgbọ́n kò lé e.

Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n pe ìje ńlá, tí àwọn eléré ti ìlú mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Àṣàbí yọ́ lọ. Nígbà tí Ìlọ̀rí gbọ́, ó mú ọ̀pá, ó ní òun á fà á jáde lójú gbogbo ayé.

Ó dé òpin pápá bí àwọn ọmọge ṣe ń bọ̀. Èyí tó ṣíwájú gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ òsì díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ aṣọ mú, bí Àríkẹ́ ṣe máa ń ṣe bí òjò bá ń lé e bọ̀ láti oko. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Ìlọ̀rí.

Àṣàbí já okùn. Ó gbójú sókè. Ẹnìkan dúró.

"Káàbọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Káàbọ̀, ọmọ Àríkẹ́." Ó bú sẹ́kún, tòun tọmọ, láàárín pápá, lójú àwọn aláṣẹ.

"Ìlọ̀rí!" Ìyá Dieudonné ti ń tú ìborùn. "Ọkọ wo lo fẹ́? Sọ fún mi, kí n bò ọ́ lórí!"

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ìlọ̀rí náà rẹ́rìn-ín nínú omi ojú, ó gba ìborùn, ó fi nu ojú.

"Mo rò pé tèmi ti gbẹ," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ẹkún kì í tán. Tìrẹ ṣì ń dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi." Ó wá kọjú sí Tìmóthì. "Ìwọ agbẹ́bojì aláǹgbá, kí lò ń wò? Ṣé o ò ní ẹbí ní Kétu ni?"

"Mo ní, Bàbá."

"Kí wọ́n máa bọ̀."

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Àṣàbí dúró lẹ́nu ọ̀nà baba rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí, ó sun ẹkún rẹ̀ pé. Ó pe ìyá rẹ̀ lórúkọ. Bàbá rẹ̀ ló dáhùn, òun ló súre. Lẹ́yìn náà ni Àṣàbí bọ́ síta, ó bá Tìmóthì, ojú rẹ̀ tutù fún omijé.

"Ta ló fẹ́ ọ sílé, olólùfẹ́ mi?" ni Tìmóthì bi í.

"Ìwọ kọ́?"

Òjò ṣú lórí àwọn òkè. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì mú eré sí i, ìyàwó, ọkọ, àti ìborùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn.

Àṣàbí ló kọ́kọ́ délé ọkọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ó lè kí ọkọ rẹ̀ káàbọ̀.