Wáyà Tí Embla Fà Yọ

"Tún kọ́kọ́rọ́ yẹn yí, ọmọ mi. Rọra o. Má tíì jí ẹ́ńjìnnì."

Embla yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ géèjì méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹyẹ méjì tí wọ́n sọ òkò sí. Ti epo ní táǹkì kún dẹ́nu. Ti omi lọ kan pupa, ó ní ẹ́ńjìnnì ń hó. Bẹ́ẹ̀, epo inú ọkọ̀ náà kò ju àbọ̀ garawa lọ, ẹ́ńjìnnì sì tutù bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́.

Màmá Asta, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, kò yọ orí kúrò lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta lórí koríko, tọ́ọ̀ṣì kékeré sì wà níwájú orí rẹ̀ bí ojú kẹta. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ìyá yìí fi tún wáyà bọ́ọ̀sì ṣe ní gáréèjì ìlú kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí wáyà tó ń fọwọ́ kàn láìkọrin sí i. Orin ọwọ́ ara rẹ̀ ni:

*Pupa gbéná wá o, pupa gbéná wá,*
*Dúdú á sìn ín relé.*
*Ẹ má jẹ́ wọ́n pàdé lójú ọ̀nà,*
*Ìjà ni wọn a jà.*

"Kí lo rí?" ó béèrè láti ìsàlẹ̀.

"Irọ́ ni méjèèjì ń pa, Màmá Àgbà. Ẹ jẹ́ ká kúkú ra géèjì tuntun."

"Géèjì tuntun wo? Tí ẹnì kan bá purọ́, ó lè jẹ́ ìwà ẹ̀. Tí ẹni méjì bá jọ pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ló kọ́ wọn. Ibì kan wà lẹ́yìn ibí tí àwọn méjèèjì ti ń gba iná. Ibẹ̀ là ń wá."

Ó jáde, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Dókítà ti dá ọjọ́ fún un, pé lóṣù Ògọ́sítì wọn yóò ṣí i kúrò.

"Ojú ti rẹ̀ mí. Ó dọ̀la lọ́sàn-án, tí mo bá ti ilé ìwòsàn dé. Títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe é, ọkọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣé o gbọ́?"

"Ọ̀la mà ni ìparí ilé-ìwé, Màmá Àgbà."

"Mo mọ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹ ò kú."

Gbogbo ọdún ni Embla fi ń retí ọ̀la yìí. Ní abúlé wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè wa ọkọ̀ àtijọ́, bí wọ́n bá ti so eré rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má lè sá, tí wọ́n sì ti lẹ onígun mẹ́ta pupa mọ́ ọn lẹ́yìn kí àwọn tó ń bọ̀ mọ̀ pé ìgbín ló ń lọ níwájú. Láàárọ̀ ìparí ilé-ìwé, gbogbo ọmọ tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a fi ewé igi bíìkì tútù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn láti ilé epo títí dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé. Àwọn òbí a dúró lójú ọ̀nà, wọn a máa ju ọwọ́. Ọkọ̀ Màmá Asta gan-an, tó fi ń lọ síṣẹ́ láyé ọjọ́un, ló fún Embla.

Nírọ̀lẹ́, tí oòrùn ṣì ga, Melker ọmọ kíláàsì rẹ̀ yà wọlé. Òun ni Embla ti ṣèlérí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún.

"Kẹ̀kẹ́?" ni Melker wí. "Pẹ̀lú aṣọ funfun ìparí ilé-ìwé? Wọn á ní o ń kiri wàrà."

"Màmá Àgbà ní kí n má wà á."

"Torí géèjì? Ìwọ náà ò sọ pé irọ́ ló ń pa? Òpùrọ́ tó bá ń da èèyàn láàmú, ẹnu la máa ń pa á mọ́." Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ná. Ó na ìka sí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ìhà ẹ́ńjìnnì. "Èyí ló ń lọ fẹjọ́ sun géèjì omi. Fà á. Yóò sùn bí ọmọ tuntun."

"Ìwọ fà á."

"Ṣé ọkọ̀ mi ni? Ojo."

Embla fà á. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́, géèjì epo fò sókè bó ti ń fò, ṣùgbọ́n ti omi dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ sí ibi tútù. Melker pàtẹ́wọ́. Embla ti wáyà náà pamọ́ sẹ́yìn rọ́bà tó ń gbé omi wọ ẹ́ńjìnnì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àmọ́ ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Asta wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Ní aago méje àbọ̀, Embla ti so ewé mọ́ iwájú ọkọ̀, ó ti wà lórí ìlà ní ilé epo. Ó dùn. Kí a má purọ́, ó dùn gidi. Ọkọ̀ mọ́kànlá ń rìn bí ìyàwó tuntun. Melker na orí síta, ó ń kọrin tí kò mọ̀.

Àwọn tó wà níwájú a dúró, wọn a tún lọ, wọn a tún dúró. Oòrùn mú. Òórùn kan wọlé, ó dùn bíi ṣúgà tó ń jóná.

"Kí ló ń rùn?" ni Embla béèrè.

"Ewé ni. Wo géèjì ẹ, ṣebí ó tutù?"

Embla wò ó. Ó tutù. Àṣé rọ́bà omi ti là nísàlẹ̀, omi olóògùn dídùn tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù ti ń dà sójú títì lábẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún wọn, torí ẹni tí ìbá sọ ọ́, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ́ńjìnnì tú èémí kan, ó kan gbì, ó dákẹ́. Ooru funfun bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Melker ti wà nílẹ̀, ó ń gbọn aṣọ rẹ̀. "Má bínú o, wọ́n á tètè pe orúkọ mi nílé-ìwé. Màá bá ẹ kí wọn." Ó bẹ́ sínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé wọn, ó lọ.

Embla nìkan ló kù, pẹ̀lú aṣọ funfun. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni wáyà. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ọwọ́ bọ inú ooru, ó ti wáyà náà padà sí àyè rẹ̀. Irin jó o ní ìka.

Ọ̀sán ni Màmá Asta dé, ó bá ọkọ̀ lágbàlá níbi tí àgbẹ̀ kan fi katakata fà á dé. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fọwọ́ tọ́ rọ́bà tó là, ó yẹ orí ẹ́ńjìnnì wò pẹ́.

"Orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀," ló wí. "O wà á lẹ́yìn tí mo ní o ò gbọdọ̀ wà á. A ó sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n géèjì omi ńkọ́? Kí ló ń sọ bó ṣe ń hó?"

"Ó wà níbi tútù, Màmá Àgbà." Òótọ́ ni. Òótọ́ tí kò pé ni.

Ìyá àgbà dúró, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Lánàá ó ń fò kan pupa. Lẹ́yìn tí mo kúrò lábẹ́ ẹ̀, ó sùn. Á jẹ́ pé èmi ni. Mo tú nǹkan tí n ò dè padà. Mi ò rí i."

Embla fi ìka tó jóná pamọ́ sẹ́yìn.

Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, eérú fò kọjá lórí ẹni tó dà á, ó lọ bà lé arúgbó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Màmá Asta kò kọrin mọ́. Ní ọjọ́bọ̀, ó nu sípánà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ olóròóró wé wọn. Ó pe Sixten, aládùúgbò wọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ mẹkáníìkì, pé kó wá kó gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Embla gbọ́ ọ láti orí àtẹ̀gùn: "Ẹni tí ojú ẹ̀ ò mọ wáyà mọ́, kò yẹ kó máa tún ọkọ̀ ọmọ ṣe. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé kí n má ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ fi rí?"

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún pẹ̀lú ẹja oníyọ̀. Embla bó ọ̀dùnkún kan ṣoṣo, ó bó o títí kò fi kù ju ẹ̀kùrọ́ lọ.

"Màmá Àgbà, èmi ni."

"Kí ni ìwọ?"

"Wáyà géèjì omi. Èmi ni mo fà á yọ, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ wà lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó hó, mo dá a padà kí ẹ má baà mọ̀. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan."

Ìyá àgbà gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Na ìka ẹ wá." Ìyá àgbà gbé ìka tó jóná náà sún mọ́ ojú, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Mo rí i lánàá, mo ní sítóòfù ni. Ta ló fi wáyà yẹn hàn ẹ́?"

"Melker. Àmọ́ ọwọ́ mi ló fà á."

"Hẹn-ẹn." Ó fi ìka náà sílẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́ta, Embla. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ọwọ́ ara mi bí ọ̀tá. Ọkọ̀ ò dùn mí. Irin ni, irin a máa bàjẹ́. Bí o ṣe jókòó tì mí tí o ń wò mí, òun ló dùn mí."

Embla sunkún. Ìyá àgbà kò dá a lẹ́kun, kò sì bá a wí mọ́. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó dìde.

"Gbé tọ́ọ̀ṣì. Lónìí, ìwọ lo máa dùbúlẹ̀."

Ó jókòó lórí àpótí níta ọkọ̀, ó ká ọwọ́ lé itan, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko. "Má fa nǹkan kan yọ kó o tó mọ iṣẹ́ ẹ̀," ló ń sọ. "Tẹ̀ lé wáyà epo. Ó lọ síbo?"

"Sí àpótí irin kan. Kékeré, bí ilé ìṣáná."

"Wáyà omi ńkọ́?"

"Ibẹ̀ náà ló lọ."

"O ti rí ilé olùkọ́ wọn. Àpótí yẹn ló yẹ kó máa bu iná fún wọn níwọ̀nba. Sukúrú tó dè é mọ́ ara ọkọ̀ ńkọ́?"

Embla fọwọ́ kàn án. Ìpẹtà wú u bí àkàrà. Ara ọkọ̀ yẹn ló yẹ kí iná gbà padà sílé, ìpẹtà sì ti dí ọ̀nà mọ́ ọn, ni àpótí bá ń da gbogbo iná bo géèjì lórí. Ó tú sukúrú, ó fi bébà oníyanrìn ha ìdí rẹ̀ títí irin fi ń dán, ó dè é padà, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.

Kò sí ohun tó fò. Ọwọ́ géèjì epo dìde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dúró sí ìsàlẹ̀, níbi tó yẹ epo àbọ̀ garawa. Ti omi kò kúrò níbi tútù, torí ẹ́ńjìnnì tutù lóòótọ́.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" ni Màmá Asta béèrè.

"Òótọ́, Màmá Àgbà."

"Ó dáa. Lọ sọ fún Sixten kó má yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lọ́la. Sọ ìdí ẹ̀ fún un pẹ̀lú. Ìwọ fúnra ẹ."

Embla lọ. Ìtìjú pọ̀ lọ́nà náà, àmọ́ ó lọ, ó sì sọ ọ́ tán.

Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe wà lágbàlá ní gbogbo ìgbà ìsinmi, géèjì méjèèjì ń sọ òótọ́ nínú ọkọ̀ tí kò lè lọ síbì kankan. Ojoojúmọ́ ni Embla ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ìtọ́jú ewúrẹ́ tó gbà lórí òkè, kìlómítà mọ́kànlá ní àlọ, mọ́kànlá ní àbọ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Melker gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. "Embla, géèjì kẹ̀kẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ó pé. Orúnkún mi ni."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, ohun tó ń kìlọ̀ fún wa lè ṣàìsàn, ó lè ṣì sọ. Ká wá àìsàn rẹ̀, ká wò ó sàn. Ẹ má gé e lẹ́nu torí pé ọ̀nà ń yá yín. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ̀, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà máa fi ẹ̀bi yín na ara rẹ̀. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí orí ẹ́ńjìnnì mìíràn tó dé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú Màmá Asta nígbà náà, ó ti ń ríran kedere, ó sì dúró ti Embla, ó ń wo gbogbo sukúrú tó ń dè.