Bíréèkì Tí Ọlọ́runnísọ̀lá Fà

Ní ọdún 1958, nígbà tó ku ọdún méjì kí òyìnbó di ẹrù rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ gbé eré ìje ọdọọdún rẹ̀ kalẹ̀ láti Takie, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun nìkan ló wọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ti kun ojú gbogbo èèyàn ní ẹfun. Àwọn àgbà da kíjìpá bora. Akọ̀wé kóòtù tí wọ́n ní kó bójú tó eré náà, Ọ̀gbẹ́ni Adébùkọ́lá, wọ kóòtù dúdú bí ẹni tó fẹ́ dájọ́ ikú, ó sì ka òfin sókè:

"Ẹni tó bá di ọkọ̀ mú, ó jáde. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ipò sílẹ̀ fún ẹnìkejì, àwọn méjèèjì ló jáde, títí láé."

Ọlọ́runnísọ̀lá gbọ́ ọ yékéyéké. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe lọ́dọ̀ Ọ̀gá Akínpẹ̀lú, ẹni tó ti gba ife ẹ̀yẹ eré yìí nígbà mẹ́ta. Oṣù tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá yóò gbàdúrà lé e lórí, tí yóò ṣe fríídọ̀mù rẹ̀. Bàbá Fọláṣadé, ọmọge tí Ọlọ́runnísọ̀lá fẹ́ fi ṣaya, sì ti ní ẹni tí kò bá tíì gba fríídọ̀mù, òun kò fọmọ fún un.

Nígbà tí wọ́n wọ Ọ̀yọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló kù níwájú.

"Ò ń mí bí ẹran iléyá!" Ọ̀gá kígbe.

"Ẹ̀yin náà ẹ ń mí, sà. Afẹ́fẹ́ ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó húkọ́. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n dé etí ìlà, táyà Ọlọ́runnísọ̀lá ló wà níwájú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀. Kò gbèrò ohunkóhun. Ọwọ́ tí kò gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà rí láìjẹ́ pé orúnkún kọ́kọ́ tẹ̀, òun ló fa bíréèkì. Ọ̀gá kọjá. Ariwo ta.

Akọ̀wé, tó ti fi mọ́tò ṣáájú wọn dé, ti rí i. Ó gbé Bíbélì lé Ọlọ́runnísọ̀lá lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn.

"Ṣé o fa bíréèkì?"

Bó bá ní ẹsẹ̀ ló yọ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀gá ń nu òógùn, inú rẹ̀ ń dùn bíi tọmọdé.

"Sọ òótọ́ fún wọn, ọmọ mi," ó ní. "Sọ fún wọn pé mo jù ọ́ lọ."

Ọmọ Aládùúrà ni Ọlọ́runnísọ̀lá, kò lè di Bíbélì mú kó purọ́.

"Mo fà á, sà. Mi ò lè gba iwájú ọ̀gá mi."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo èrò. Akọ̀wé kọ orúkọ àwọn méjèèjì, ó fa igi lé e.

Ọ̀gá kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Jẹ́jẹ́ ló béèrè pé: "Tèṣí náà ńkọ́? Ìwọ lo ṣe ipò kejì."

Ọlọ́runnísọ̀lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń nu eruku ara kẹ̀kẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó kọjá. Àwọn àgbà Takie lọ bẹ Ọ̀gá pé kó ṣe fríídọ̀mù náà. "Ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ta lèmi, tí n ó fi tú ẹni tó ń ṣàánú mi sílẹ̀?" Fọláṣadé dúró fún ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà ó fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ìkòyí-Ilé.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, wọ́n fa àsíá òyìnbó sọ̀kalẹ̀, ijó gba gbogbo Takie. Ọlọ́runnísọ̀lá, ẹni ọgbọ̀n ọdún, dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ ààyè kóun lọ wòran òmìnira. Ọ̀gá kò gbójú sókè. Ó ní kó kọ́kọ́ lẹ táyà tó wà nílẹ̀ yẹn.