Oògùn Tí Ìyá Lọ́lá Gbé Pamọ́

Lọ́jọ́ Ìsinmi tí Beatrice jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Iye-Ekiti, ìjọ pàtẹ́wọ́ títí. Ọkọ rẹ̀, Ògúndélé, tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún méjì, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ló dá rìn dé iwájú pẹpẹ.

"Olúwa ti wò ó sàn!" ni Beatrice ń pariwo, tomijé tomijé. Kò mẹ́nu ba oògùn tí ọkọ rẹ̀ ti ń lò láti oṣù mẹ́ta, èyí tí wọ́n gbà ní ọsibítù ní Ìdó. Ojú ń tì í.

Bí wọ́n ṣe délé, ó di oògùn náà sínú ọ̀rá, ó kì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ.

"Ìyá Lọ́lá, oògùn mi tàárọ̀ ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kejì.

"Oògùn kí ni, Bàbá Lọ́lá? Lẹ́yìn tí a ti jẹ́rìí? Kí ará ìjọ wá kí wa nínú ulé, kí wọ́n bá oògùn lórí tábìlì? Ṣé ẹ fẹ́ ba uṣẹ́ Olúwa jẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà rọra padà sórí ibùsùn. Kò lágbára àròyé.

Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo ara rẹ̀ gan bí igi. Omi tí wọ́n fi ṣíbí bù fún un ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná janjan, kò sì dá ìyàwó rẹ̀ mọ̀ mọ́.  Beatrice sáré pe Adéọlá, aládùúgbò wọn tó ń wa takisí, wọ́n gbé e dé Ìdó.

"Màmá, ìgbà wo ni bàbá lo oògùn gbẹ̀yìn?" ni nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé, Fúnmilọ́lá, béèrè.

Beatrice ń wolẹ̀. "Ó tó ọjọ́ mẹ́rin. Èmi ni mo gbé e pamọ́. A ti jẹ́rìí pé ó ti sàn."

Nọ́ọ̀sì náà mí kanlẹ̀. "Àrùn Parkinson ló ń ṣe bàbá. Kì í ṣe àfiṣe, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara ló ń dín kù, oògùn yẹn ló sì ń dí àyè rẹ̀. Kò lè wo àrùn náà tán, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ bàbá fúyẹ́. Tí èèyàn bá dá a dúró lójijì, ó lè la ikú lọ."

"Ṣé kí n má gbàdúrà mọ́ ni?"

"Ẹ gbàdúrà, Màmá. Kí ẹ sì fún un ní oògùn rẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò níbẹ̀. Ògúndélé kò kú, ṣùgbọ́n kò tíì lè dá dìde lórí àga títí di òní. Ìbànújẹ́ gbáà ni.

Ẹ̀yin ará wa, bí ọwọ́ ẹni yín bá ń gbọ̀n nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, bí ìrìn rẹ̀ bá ń falẹ̀, bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má sọ pé ogbó lásán ni, ẹ má sì pè é ní èpè. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ fún un ní oògùn lásìkò tí dókítà dá. Ẹ béèrè bí àkókò oògùn náà yóò ṣe jìnnà sí ti oúnjẹ tó, torí ẹran àti ẹ̀wà lè dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó máa rìn, kó máa na ara. Bí ààwẹ̀ bá dé, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi. Ẹ má ṣe torí ojú ayé dá oògùn ẹni yín dúró, kí ẹni tó ń dá jẹun láàárọ̀ àná má baà di ẹni tí ẹ óò máa fi ọwọ́ bọ́.