Ṣílè Onígi Ọ̀pẹ

"Alhaja, níbo ni ṣílè tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá wà?"

Àlejò Alhaja ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán, tó máa ń ra owó ayé àtijọ́ jọ, ti wá láti ọ́fíìsì rẹ̀ ní Wharf Road dé Ajégúnlẹ̀ nítorí ṣílè fàdákà kan ṣoṣo. Èyí tí Alhaja gbé fún un wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ báyìí, orí ọba lókè, ó ń dán gbinrin. Síbẹ̀, ojú ìfura ló fi ń wò ó.

"Èyí tí mo rí, tí mo bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa yí lórí rẹ̀ bíi fáànù. Èyí kàn ń dán lójú kan bíi ṣíbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ni. Ẹ má bínú o, ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀."

Alhaja Sàlímọ́tù dìde fùú. "Nínú ilé tèmi? Ṣílè tí bàbá mi fún mi! Hameed, ta ló fọwọ́ kàn án?"

Hameed, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wo ilẹ̀. Òun ló fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́ lánàá, kó lè dùn ún wò lójú àlejò. Àmọ́ ṣé ohun téèyàn bá fọ̀ kì í dán sí i ni? Kì í ṣe ọṣẹ ló fà á; ó ní láti jẹ́ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Azubuike ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbà á wò lẹ́yìn náà, ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tóun bá dárúkọ ọṣẹ, ìyá àgbà á gbá òun létí. Ó yíjú sí Azubuike tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Azu nìkan ni, Mama."

"Èmi kẹ̀? Abeg, wo ojú mi kó o tún un sọ!"

Hameed ò wò ó. "Ìwọ ṣáà lo ní ó rẹwà."

"Tí mo bá ní àbúrò ẹ rẹwà, mo ti jí i gbé nìyẹn?"

"Tú báàgì ẹ!" Alhaja pàṣẹ.

Azubuike da báàgì ilé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé, bírò, àjẹkù búrẹ́dì. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó nawọ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n rí èyí tí wọ́n ní mo fi pààrọ̀."

Ó gbà á, ó dojú ọba délẹ̀. Igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn, níbi tí ọṣẹ Hameed ò dé, torí ojú ọba nìkan ló rò pé àlejò máa wò. Azubuike gbé e sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ sáré yí igi ọ̀pẹ náà po.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábímtán gbà á, ó sún un mọ́jú, ó wá rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó gba ojú ọba kọjá. "Òun gan-an nìyí! Wọ́n ti fọ ojú kan bàjẹ́ ni. Dídán àkọ́kọ́ yẹn ò sì ní padà mọ́."

Azubuike kó ìwé rẹ̀, ó jáde láìdágbére.

"Mama, èmi ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́," Hameed sọ.

"Ti ṣílè kọ́ ló dùn mí," ni Alhaja wí. "Torí kí n má bàa bá ẹ wí, o sọ ọmọ ọlọ́mọ di olè. Sáré tẹ̀ lé e. Níwájú gbogbo àdúgbò ni kó o ti bẹ̀ ẹ́."