Ohun Tó Ń Jẹ Delbert Nínú

Delbert Stidham kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni ní àfonífojì tó ń gbé ní Kẹ́ńtọ́kì, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Bí aládùúgbò bá rẹ́rìn-ín, á rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Zella ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ wá, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lo fi sí i?"

"Iyọ̀ ni, Delbert! Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń se oúnjẹ fún ẹ, ṣé n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pa ẹ́ ni?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni inú ti ń ta á bí iná. Ó lo oògùn títí, kò gbọ́. Ó wá sọ ọtí di oògùn.

Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí iná sọ nínú ihò tí wọ́n ti ń wa èédú. Delbert àti Arvil Combs ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Delbert jáde, Arvil kò jáde. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé, Delbert ní Arvil ló ṣáná sí sìgá. Irọ́ ni. Òun gan-an ló ṣáná, tí gáàsì inú ihò náà fi gbiná.

Láti ìgbà náà, gbogbo ojú tó bá wò ó dà bí ojú ẹni tó mọ̀. Lorena, opó Arvil, ló bà á lẹ́rù jù. Bí àìsàn bá dá Delbert wó, Lorena á gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá. "Májèlé ni," Delbert á wí nínú ara rẹ̀, á dà á fún ajá. Ajá náà sì ń sanra!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ló bì. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ fa àga súnmọ́ ọn.

"Egbò wà níkùn yín, ọtí sì ti ba nǹkan jẹ́. Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ kí inú rírun yìí tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀rù ńlá téèyàn bá dì mọ́nú lè dá kún àìsàn ara."

"Ta ló rán ẹ sí mi?" Delbert jágbe. "Àbí wèrè lo fẹ́ pè mí?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Lorena gbé omi ọbẹ̀ wọlé.

"Ìwọ kọ́kọ́ mu ún," ni Delbert wí.

Lorena mú ṣíbí, ó mu ún. "Bọ̀dá Delbert, kí lẹ ṣe fún mi tí n ó fi fẹ́ pa yín?"

Ìbéèrè yẹn ló wó o lulẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Lorena dìde, ó jáde. "Ọlọ́pàá ló lọ pè," Delbert rò. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà títí. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lorena padà dé, ojú rẹ̀ wú.

"Inú ń bí mi, n ò ní purọ́. Ojú ti ń ti ọmọbìnrin mi láti jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fáyé gbọ́. Àmọ́ mo ti dárí jì yín, torí Jésù dárí ji èmi náà. Ẹ lọ bá a."

Delbert wá ẹ̀tàn lójú rẹ̀ títí, kò rí i. Ó bú sẹ́kún. "Olúwa, èmi ni mo ṣáná yẹn. Ṣàánú mi!"

Ó lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ níwájú àwọn olùwádìí, ó sì wẹ orúkọ Arvil mọ́ níwájú gbogbo ìjọ àdúgbò wọn. Inú rírun náà kò san lọ́jọ́ kan. Ó fi ọtí sílẹ̀, ó ń lo oògùn, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ọkàn. Ìrora ṣì ń dé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń fara dà á mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, n kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ló fa gbogbo àìsàn. Má sọ oògùn rẹ nù. Ṣùgbọ́n kí ni o dì mọ́nú tí gbogbo èèyàn fi di ọ̀tá lójú rẹ? Ṣé o ń fura sí Kristi náà ni? Kò wá láti dẹ pàkúté fún ọ. Má sọ pé ó dọ̀la. Ronú pìwà dà lónìí, kí o sọ òtítọ́ fún un. Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ó kú fún ọ.