Ẹni Tí Yóò Borí Fúnmilọ́lá

Ẹsẹ̀ méjì nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì gogoro ni Ìbíkúnlé kọ́kọ́ rí, tí wọ́n yọ síta lábẹ́ ọkọ̀ Mustang pupa kan lẹ́bàá títì ní Hwolshe, nílùú Jos. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì ti bo gbogbo nǹkan.

"Sannu, Madam. Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Bí kò bá sí, ṣé ilẹ̀ ni mo máa sùn sí? Na sípánà tó wà lórí táyà yẹn sí mi."

Ó nà á sí i. Nígbà tí ọmọbìnrin náà yọ jáde, ọ́ìlì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́yìn orí, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Ẹ má bi mí ohun tó ṣe Ìbíkúnlé. Jos ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba tó ní náà bá fò lọ.

"Kai!" ló wí.

"Kai kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì yín dára."

"Ẹ́ńjìnnì nìkan?" Fúnmilọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fúnmilọ́lá wà lára àwọn tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sá eré ìdíje ní Sátidé, lójú ọ̀nà ọ̀dà kan tí àwọn awakùsà pa tì lẹ́yìn Zawan. Ọkọ̀ méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èyí tó bá kọ́kọ́ kọjá igi ńlá tó wà lópin ọ̀nà ló borí. Kò pẹ́ tí Ìbíkúnlé náà fi wa Camaro rẹ̀ débẹ̀. Fúnmilọ́lá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò, ó figbe ta.

"Háà! O yọ ẹ́ńjìnnì onísilíńdà mẹ́jọ, o fi mẹ́fà Toyota sí i? Ta ló fi ọ́ ré?"

"Jos ga, afẹ́fẹ́ ibí fẹ́lẹ́. Ẹ́ńjìnnì tìrẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí àgbàlagbà tó ń gun òkè. Tèmi ní tọ́bò tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

"Tọ́bò tó máa kọ́kọ́ sùn! Kí tìrẹ tó jí, mẹ́jọ tèmi ti délé."

"Tó bá wá jí ńkọ́?"

"Màá ti se ọbẹ̀ dè ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé, Mustang ló ń borí, bí kò tilẹ̀ ju gígùn bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn eré, inú Camaro ni wọ́n jọ máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa jẹ kúlíkúlí, tí wọ́n á máa jiyàn lórí kabúrétọ̀. Kí ọyẹ́ tó lọ tán, wọn kò lè ṣe é kí wọ́n má rí ara wọn lójúmọ́.

Wàhálà wọn ni Bàbá Oyèdélé, bàbá Fúnmilọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Òun ló ni Mustang, òun ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Nígbà kan, ní ìpàdé àwọn ará ìlú wọn, àwọn kan fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń fi ọkọ̀ sá eré. Inú bí bàbá, ó fọwọ́ sọ̀yà, ó ní: "Ọkùnrin tí kò bá lè fi ọkọ̀ borí Fúnmilọ́lá kò ní fẹ́ ẹ láé!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Nígbà tí Ìbíkúnlé, ọmọ tíṣà ará Èkìtì, wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Fúnmilọ́lá, àwọn àgbà ìpàdé náà ló rán bàbá létí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò lè gbé e mì. Wọ́n dá eré náà sí Sátidé tó ń bọ̀, gbogbo wọn ní àwọn ń bọ̀ wá wòran.

"Ìfẹ́ mi, ṣé kí n rọra tẹná ọkọ̀ ni?" Fúnmilọ́lá bi í.

"Haba! Màá mọ̀. N kò ní fi irọ́ gbé ìyàwó wọlé."

"Tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ tán, o ò ní ríyàwó gbé rárá."

Ìbíkúnlé sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi lé ròrò sójú àwọn méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ó tún lọ bá a pààrọ̀ plọ́ọ̀gì Mustang ní ṣọ́ọ̀bù bàbá. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, àwọn àgbà tò sẹ́bàá ọ̀nà. Moses, ọmọ ẹ̀yà Berom tí í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, mú àsíá dání. Fúnmilọ́lá tẹ iná ọkọ̀ dé ilẹ̀ láti dán an wò. Dípò kó bú ramúramù, ṣe ni ẹ́ńjìnnì ń kùn bí ẹni tí wọ́n di lẹ́nu. Ó fò sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹnu mẹ́rin ni kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ ní: méjì fún ìrìn jẹ́jẹ́, méjì tó ń ṣí nígbà tí eré bá le. Ẹnìkan ti fi wáyà so méjì ti eré pa.

Ó yíjú sí Camaro. Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí lánàá bí kò ṣe Ìbíkúnlé?

"Olè ni ọ́!" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. "O ní o ò ní fi irọ́ gbéyàwó. Kí wá lèyí? O bà mí lọ́kọ̀ jẹ́!"

Ìbíkúnlé wo wáyà náà, ó wo ojú rẹ̀. Kò jà. Ó ṣí Camaro rẹ̀, ó tú rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ tọ́bò lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ó sọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"To, ó dára. Ìwọ kò ní agbára, èmi náà kò ní. Jẹ́ ká sá a bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà mo ń lọ. N kò ní padà wá."

Àwọn àgbà sún mọ́ tòsí. Bàbá Oyèdélé ṣí fìlà, ó wọ́ ẹsẹ̀ wá sáàárín wọn.

"Èmi ni mo so ó."

"Bàbá?"

"Mo rí bí ojú rẹ ṣe wú láti ọjọ́ Ajé. Ojú tì mí láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níwájú àwọn èèyàn yìí. Mo ní bí ọkọ̀ bá falẹ̀ díẹ̀, ìwọ kò ní jẹ̀bi, èmi kò ní tẹ́, ọmọkùnrin yìí á sì gba ìyàwó rẹ̀. Ẹ dákun."

Fúnmilọ́lá yíjú kúrò lára bàbá rẹ̀. Ìbíkúnlé ló ń wò. Ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná.

"Ìta gbangba ni mo ti bú ọ, ìta gbangba náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Mo ṣì ọ́ mọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ìbíkúnlé, mo sì hùwà òmùgọ̀."

"Èébú kọ́ ló dùn mí. O rò pé mo bẹ̀rù rẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Má bínú."

Ìbíkúnlé na ọwọ́ sí i. Ó fà á dìde, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ Camaro sí i lọ́wọ́. "Bí o bá gbà mí gbọ́, wa tèmi. Gbé tìrẹ wá."

Fúnmilọ́lá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn wa Mustang yẹn rí yàtọ̀ sí bàbá rẹ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún un. Wọ́n tú wáyà, wọ́n dá rọ́bà padà.

Moses ju àsíá sílẹ̀. Mustang fò bí ajá tí okùn já, ẹ̀yìn Ìbíkúnlé lẹ̀ mọ́ ìjókòó, kò rántí pa ẹnu dé. Nínú Camaro, Fúnmilọ́lá tẹná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kò tíì ta. "Jí! Jí, jọ̀ọ́!" Tọ́bò súfèé, ọkọ̀ bá gbé e. Ó pariwo, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí ayọ̀. Ó ń lé Mustang bá, ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀ sí i, wọ́n sì ti kọjá igi.

Mustang ló ṣíwájú.

Fúnmilọ́lá bọ́ sílẹ̀, ó ń fò sókè. "Ẹ́ńjìnnì mi ló borí! Ṣé mo sọ fún ọ! Mẹ́jọ!"

"Adúmáradán mi, ta ló wà á?"

Fúnmilọ́lá dẹ́kun fífò. Ó ti tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó so nǹkan kan pa, òun náà kò fi ẹsẹ̀ falẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín sì ń bọ́ mọ́ ọn.

Bàbá Oyèdélé sáré dé, ó ń mí gúlegúle. "Ó borí rẹ, àbí kò borí rẹ?"

"Ó borí mi, bàbá. Mo tẹ̀ ẹ́ tán."

"Ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀!" Bàbá kọjú sí àwọn àgbà. Ọ̀kan ní ọkọ̀ ọmọbìnrin ni. Bàbá ní ta ló bi í. Ó bá yíjú sí Ìbíkúnlé: "Sọ fún àwọn òbí rẹ, kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ ìyàwó wọn."

Ìbíkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Dìde, o ti ba ṣẹ́ẹ̀tì jẹ́," Fúnmilọ́lá wí, ó ń fa apá rẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀ ná, ìfẹ́ mi. Torí àtidọ̀bálẹ̀ yìí ni mo ṣe sáré."